Egbò, Ìfura àti Yàrá Pánsìmán Wa ní Koumassi

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí kí ẹ jókòó ti ọjà àwọn òbí yín, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tèmi. Mi ò ní fi dídùn tàn yín, mi ò sì ní fi kíkorò lé yín sá. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Abidjan, egbò ni mo ń wẹ̀, egbò ni mo ń dì: egbò oníṣòwò, egbò awakọ̀ gbákà, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré ibẹ̀, egbò ọmọ tó ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù. Pánsìmán ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Múfútáù lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa ń pè mí ní Oníyèméjì, torí pé kò sí ohun tí ẹ sọ fún mi tí mi ò ní yí padà kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà tí mo dé Abidjan, ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìsọ̀ ní ọjà Koumassi, ó sì fi mí síbẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tó fi rí i pé mo máa ń wo oníbàárà bí ẹni ń wo olè. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn kékeré ní Remblais, àdúgbò kan ní Koumassi. Wọ́n gbà mí, owó oṣù náà ò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Màmá Odíìlì ni a ń pè é. Obìnrin Kétu ni, láti ilẹ̀ Benin, opó tó gbẹ bí igi ìdáná, tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Yorùbá Kétu rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n tí inú bá ń bí i, Faransé ló fi ń bínú. Èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ọwọ́ ni ó ń kọ́ mi ní wíwẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á wo abẹ́ èékánná mi.

"Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun," ó máa ń sọ. "Tìrẹ ò tíì mọ́. Padà síbi omi."

Nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ onígíláàsì la ń lò. A ó sè é nínú ìkòkò, tí ẹnu rẹ̀ bá kú, a ó pọ́n ọn lórí òkúta ìpọ́nbẹ. Ẹ̀mú tí a fi ń gbé òwú náà, sísè ni. Tí ẹ̀mú mi bá fara kan etí àwo péré, Màmá á gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi, á dà á padà sínú ìkòkò, aláìsàn á sì jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣíṣí, á máa wò mí títí omi á fi tún hó. Kò bú mi rí. Ojú aláìsàn yẹn tó. Ó tún kọ́ mi láti fi imú gbọ́ egbò kí n tó fi ojú wò ó, torí ojú lè rí awọ tó ń dán kí ó má mọ̀ pé ọyún ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kan nínú ìwà rẹ̀ ló ń fu mí lára. Kó tó tú egbò ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi í pé: "Ṣé o ń sùn? Ta lẹ jọ ń gbé? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Á bi Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ní Yorùbá, á bi Júlà ní Júlà, á bi àwọn yòókù ní Faransé. Àwọn èèyàn á sì máa sọ. Ẹ̀rù ọkọ, ẹ̀rù onílé, ẹ̀rù ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé ìgbélùú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tú sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Èmi wá ń rò ó pé kí ni obìnrin yìí ń fi ọ̀rọ̀ ilé onílé ṣe? Pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ máa ń ríran sí àwọn èèyàn lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní àbí ibí ni ìran náà ti ń wá.

Lọ́jọ́ kan tí a ń ká òwú, mo bi í ní tààrà. "Màmá, kí lẹ ń fi ọ̀rọ̀ ilé àwọn èèyàn yìí ṣe?"

"O rò pé mò ń tà á ni?"

"Mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn."

Ó gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní ilé ìwòsàn kan nílé lọ́hùn-ún, wọ́n la ikùn fún obìnrin méjì láti gba ọmọ. Dókítà kan náà ló là á, bẹ́ẹ̀dì wọn kọjú síra. Ojú abẹ àwọn méjèèjì ti ń jinná dáadáa. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé àkọ́bí ọ̀kan nínú wọn kú sínú ọ̀sà. Obìnrin yẹn ò sunkún, kò jẹun, ògiri ló ń wò. Kò pẹ́, ojú abẹ rẹ̀ pọ́n, ó ṣọyún, ó là. Èkejì gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sílé.

"Wọ́n ní omi tí mo fi wẹ̀ ẹ́ ni kò mọ́," Màmá wí. "Omi kan náà ni mo fi wẹ èkejì. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè tú egbò láìbéèrè."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Obìnrin méjì kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ṣeé ṣe kí ara ọ̀kan le ju ti èkejì lọ láti ilé. Mo kàn ń ká òwú mi lọ ni, mò ń ṣọ́ ọ.

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ ọ ni Sáráátù ti wọlé. Ìyàwó àgbà Alhaji Rájí ni, ará Ìgbòho tó ń ta abọ́ irin lọ́jà. Páànù tó ti dípẹtà ló gé e lábẹ́ ẹsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́, a wẹ egbò náà, a dì í. Egbò tó yẹ kó ti jinná kí oṣù tó yí ni, àmọ́ ó kọ̀. Á bo fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, nígbà tí a bá fi máa tún rí i, ó ti là.

Èmi kọ́kọ́ rò pé ó ń tú u nílé láti fi àgúnmu sí i, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì fi Ọlọ́run búra pé àwọn ò ṣe é. Mo wá fi oògùn aláwọ̀ elése àlùkò fa ìlà sí ibi tí aṣọ egbò náà ti kan ara. Tí ó bá tú u, ìlà náà ò ní lè bára mu mọ́. Nígbà tó padà wá, ìlà náà wà bí mo ṣe fà á gẹ́lẹ́. Dókítà yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá àtọ̀gbẹ ni. Kò sí i níbẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò rí nǹkan kan.

Màmá wá fa àga tì í. "Ṣé o ń sùn?"

"Màmá, ṣé èèyàn ń sùn nílé tí ọ̀tá ẹ̀ wà ni? Ilẹ̀kùn ni mo máa ń fẹ̀yìn tì títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Ọ̀tá wo?"

"Bílíkísù, ìyàwó tí Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti ilé. Ta ni ẹ rò pé ó gbé páànù síbi tí mò ń gbà lójoojúmọ́?"

"O rí i tó gbé e síbẹ̀?"

"Mi ò rí i. Ṣé ẹni tó fẹ́ pani máa ń pèèyàn wá wòran ni?"

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ohun tí mo bá rà lójú pópó. Mi ò fẹnu kan nǹkan ilé yẹn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Bílíkísù fúnra rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ikọ́ ló gbé e wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra bi mí, ó ń pè mí ní Tọ́ntọ́n bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀: "Tọ́ntọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyáálé mi sọ nǹkan nípa mi níbí?"

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi béèrè?"

"Èmi kì í jẹ oúnjẹ tó bá sè. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà ni ikọ́ yìí ti ń ṣe mí. Gbogbo oògùn tí mo lò, kò lọ."

Ẹ ò rí nǹkan? Obìnrin méjì nínú ilé kan, olúkúlùkù ń ṣọ́ ìkòkò ara wọn, ọ̀kan ń gbé egbò kiri, ọ̀kan ń wú ikọ́. Mo ṣì rò pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Mi ò kàn mọ èwo ni.

Màmá ránṣẹ́ pe Alhaji. Ó ní kó jẹ́ kí Sáráátù lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Niangon, lọ́hùn-ún ní Yopougon, apá kejì Abidjan, títí ẹsẹ̀ náà á fi jinná.

Alhaji tú agbádá rẹ̀ ká. "Egbò ni mo ní kí ẹ bá mi wò, mi ò ní kí ẹ wo ilé mi. Àbí ẹ fẹ́ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín ni?"

"Alhaji, ilé yín ló wà nínú egbò yìí," Màmá dá a lóhùn. "Ìfura loògùn àgbà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu oògùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìdáwọ́ dúró, tí oògùn náà ò ní pa á lára?"

Alhaji yíjú sí mi bí Mùsùlùmí sí Mùsùlùmí, ó ń dúró kí n gbè é. Mo ní, "Alhaji, èmi náà ò tíì gba gbogbo ohun tí Màmá ń sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n a ti gbìyànjú oògùn wa, kò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ lọ mú un padà."

Ó jẹ́ kó lọ. Sáráátù á wọ gbákà láti Niangon wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀nà náà sì jìn tó fi jẹ́ pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ àga bó ṣe ń jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tó bá ti jẹun ọ̀sán tán, oorun ló ń gbé e lọ. Kò pẹ́ tí ẹran pupa tó mọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti etí egbò náà wọ àárín. Ó jinná pátápátá, ó sì ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Bílíkísù ní ikọ́ òun náà fúyẹ́ nígbà tí ìyáálé òun ò sí nílé. Ìyẹn, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ.

Mo lọ bá dókítà, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé ẹ̀rù lè dí egbò lọ́wọ́ láti jinná. Ọmọ Côte d'Ivoire ni, onísùúrù èèyàn. Ó ní, "Múfútáù, ọpọlọ ni baálé ara. Tí baálé bá gbọ́ pé olè ń bọ̀, á ní kí gbogbo ọmọ ilé kó igi, kí wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí olè bá wá tó lọ, kò burú, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí baálé bá ń pariwo olè lójoojúmọ́, ta ló kù tó máa mọ ògiri tó wó? Àwọn tó yẹ kó máa gbógun ti àìsàn nínú ara, tó yẹ kó máa tún egbò ṣe, á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì máa gbàgbé iṣẹ́ wọn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Àwọn tó ń wádìí rẹ̀ ṣì ń wádìí. Díẹ̀ dá mi lójú, gbogbo rẹ̀ kọ́. Má gbàgbé pé mo yí ìpara egbò náà padà ní ọ̀sẹ̀ tí obìnrin yẹn lọ."

Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn nìyẹn. Oorun ni, àbí oúnjẹ ilé ẹ̀gbọ́n, àbí ìpara tuntun? Títí dòní, tí ẹ bá ní kí n búra, mi ò ní búra. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò fura sí Màmá mọ́, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga ti aláìsàn.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú wa. Nígbà tí àrùn Sida, ìyẹn éèdì, gbòde, abẹ́rẹ́ onígíláàsì lọ, oníke tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ń sọ nù dé. Ìkòkò wa di ohun tí a fi ń se omi tíì. Aṣọ egbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá nínú bébà tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Ìbọ̀wọ́ náà dé, ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, awakọ̀ kan fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Lánàá o fi ọwọ́ lásán kàn mí, lónìí o wọ rọ́bà. Kí lo gbọ́ nípa mi?" Mo ní gbogbo èèyàn ni mo ń wọ̀ ọ́ fún. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó ṣòro báyìí. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ìtàn Sáráátù rìn kọjá ilé wa. Láti Niangon, ó wọ àwọn ìjọ, ó wọ ọjà, bó sì ṣe ń rìn ló ń wú sí i. Nígbà tó fi máa yí padà dé etí wa, wọ́n ti ń sọ pé ní Koumassi, ìbàlẹ̀ ọkàn nìkan ni wọ́n fi ń wo egbò, oògùn kàn jẹ́ àfikún ni.

Ọ̀dọ́kùnrin Benin kan wà nínú ìjọ Màmá tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì. Koumassi ló ń gbé, ilé iṣẹ́ irin ní Yopougon ló ń lọ. Bàtà iṣẹ́ ló bó o lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Egbò náà kéré, ẹ̀ bá fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n dókítà yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó bá àtọ̀gbẹ níbẹ̀. Ó fún un lóògùn, ó sì sọ fún un lójú wa pé kò gbọdọ̀ dá a dúró, kò sì gbọdọ̀ pa ọjọ́ pánsìmán jẹ. Màmá béèrè ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Sámúẹ́lì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń sùn bí ọmọ ọwọ́, òun ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ó wá fún ìgbà díẹ̀, a ò rí i mọ́. Mo rò pé ó ti rìnrìn àjò. Nígbà tí Ẹ́sítà ìyàwó rẹ̀ fi máa fà á wọlé, a ti gbọ́ òórùn náà kó tó jókòó. Màmá kò ní kí n tú aṣọ náà. Ó kọ́kọ́ wá àga jókòó lé. Ìka ẹsẹ̀ náà ti dúdú, dúdú náà sì ti ń gòkè. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Ẹ́sítà wá bá wa lẹ́yìn ìyẹn. Kò pariwo. Ó dúró níwájú Màmá, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn pé ọkàn ló ń wo egbò."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ mi."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó lọ mu oògùn, á ní ọkàn òun balẹ̀, kí n má fi ẹ̀rù tèmi kó bá òun."

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Màmá kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan mọ́. Á wẹ egbò, á dì í, á ní kí èèyàn máa lọ. Àwọn aláìsàn kan sá fún wa, wọ́n ń sọ pé ilé náà ní nǹkan nínú. Nígbà tó yá, Màmá di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Kétu, yàrá náà sì kù sí èmi lọ́wọ́.

Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀ ló tún wá, torí kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ pánsìmán. Ẹ́sítà á mú un wá, á jókòó síta, kò ní kí mi. Mo bi Sámúẹ́lì lọ́jọ́ kan bóyá ẹnì kan ló ní kó má lo oògùn mọ́. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni náà, ẹ ò ní fi ìyẹn bá mi wí.

"Ẹnikẹ́ni ò tàn mí, Tọ́ntọ́n," ó wí. "Dókítà ní kí n máa lo oògùn, àwọn ará ìjọ ní kí n má bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára. Èyí tó rọrùn ni mo mú."

Ó kọ́ iṣẹ́ bàtà títúnṣe lẹ́yìn náà, ó sì ń mu oògùn rẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, ẹ̀yin tó fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí: ọkàn Sámúẹ́lì balẹ̀ lóòótọ́, àtọ̀gbẹ ò sì wo ojú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìrònú kò lè kan egbò, ẹ bi í pé àwọn mélòó ló ti dì rí. Ẹni tó bá sì sọ pé ìrònú nìkan tó, ẹ gba ilẹ̀kùn jáde.

Ọdún 1999 ni mo fẹ̀yìn tì. Ọdún yẹn náà, kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni Ẹ́sítà wọlé, kò jókòó síta mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló mú wá, eéwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí ọ̀kan bá tú, òmíràn á wú. Dókítà ti yẹ àtọ̀gbẹ wò fún un, kò ní in, ó sì ti kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Faransé ló fi ń dáhùn, ó sì sorí kodò. Mo ń yẹ eéwo náà wò, mi ò béèrè nǹkan kan, torí mo mọ ẹni tó wà níwájú mi.

Ẹ́sítà fa ọmọ náà sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ rẹ̀ ná, kò sí ọjọ́ kan tí mo máa jẹ́ kó pa á jẹ. Tí ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í kí ló ń bà á lẹ́rù nílé ìwé. Kò sọ ọ́ fún mi."

Mo gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, mo fa àga, mo jókòó tì í, ìyá rẹ̀ sì jáde síta kí ọmọ náà lè ráyè sọ̀rọ̀.